Láti inú agbada àkàrà dé inú táńkì jẹnẹrétọ̀: bí a ṣe ń se báyódísẹ́ẹ̀lì, tí a sì ń pò ó mọ́ dísẹ́ẹ̀lì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ohun tí epo àpòpọ̀ (dísẹ́ẹ̀lì tí a pò mọ́ báyódísẹ́ẹ̀lì, epo ẹ́ńjìnnì tí a fi òróró ṣe) kò lè ṣe kúrò lọ́nà. Kò lè tún nọ́sù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) tó ti jẹ ṣe. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń tú èéfín dúdú, atẹ́gùn ni kò tó o tàbí kí epo ti pọ̀ jù fún un: ẹ yọ fítà atẹ́gùn kí ẹ gbọn erùpẹ̀ inú rẹ̀, kí ẹ sì gbé nọ́sù lọ fún àwọn tó ń wọn bí ó ṣe ń fọ́n epo. Wọn kò wọ́n ní agbègbè Àràrómì, ní Agodi Gate, Ìbàdàn. Bí èéfín bá jẹ́ búlúù, epo ẹ́ńjìnnì ló ń jó níbẹ̀, ríìngì písítìnnì ti jẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ funfun tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, epo ń jáde láìjó, kí mẹkáníìkì wo táímínì pọ́ǹpù. Ẹ tún gbogbo ìyẹn ṣe ná, kí ẹ sì ṣe tápẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì), kí ẹ tó ronú nípa epo mìíràn.

Ohun tó lè ṣe ńkọ́? Kò kéré. Epo tí a fi òróró tàbí epo pupa ṣe ní ọ́síjìn nínú ara rẹ̀, bí ìdá 11 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní rárá. Ọ́síjìn yẹn ló ń jẹ́ kí epo jó tán. Nígbà tí EPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, kó àbájáde àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì jọ ní 2002, wọ́n rí i pé bí ìdá 20 nínú 100 epo bá jẹ́ báyódísẹ́ẹ̀lì (B20 nìyẹn), èérún dúdú inú èéfín a máa fi nǹkan bí ìdá 10 sí 12 dín kù, epo tí kò jó tán a sì fi bí ìdá 20 dín kù. Bó bá jẹ́ báyódísẹ́ẹ̀lì pọ́nńbélé, B100, èérún dúdú náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń lọ sókè: NOx, gáàsì tó ń tani lọ́fun, bí ìdá 2 fún B20, bí ìdá 10 fún B100. Ìdí kan nìyẹn tí a fi ń dúró lórí B20.

Ní ti àǹfààní owó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Lítà báyódísẹ́ẹ̀lì kan fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 dín lágbára sí lítà dísẹ́ẹ̀lì kan. Nínú B20, ìyàtọ̀ yẹn kò ju ìdá 1 tàbí 2 lọ, ẹ ò sì ní fi ojú rí i. Ẹni tó bá ní àpòpọ̀ yìí yóò gé epo tí ẹ ń jó sí ìdajì, irọ́ ló ń pa. Níbi tí ẹ ti máa rí èrè ni ara pọ́ǹpù: epo fúnra rẹ̀ ló ń fi òróró sí ara àwọn irin inú pọ́ǹpù, báyódísẹ́ẹ̀lì sì yọ̀ ju dísẹ́ẹ̀lì lọ. Ìdá 2 rẹ̀ péré ti tó láti mú kí dísẹ́ẹ̀lì tó gbẹ máa yọ̀. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń pò mọ́ dísẹ́ẹ̀lì láti fi pa owó, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ má da òróró lásán sí táńkì

Ní Paris ní ọdún 1900, níbi ìpàtẹ ńlá kan, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Òótọ́ ni. Ìtàn yìí ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà, nítorí wọ́n rò pé ohun tó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan. Òróró ki tó ìlọ́po mẹ́wàá dísẹ́ẹ̀lì, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́sù kò lè fọ́n ọn bí ìrì. Bí ẹ̀kán omi ló máa ń jáde, àárín rẹ̀ kì í jó tán. Èyí tí kò jó yẹn á gan mọ́ ẹnu nọ́sù bí èédú ìdí ìkòkò, á dè mọ́ ríìngì, ìyókù á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì sínú epo ẹ́ńjìnnì, á sì sọ ọ́ di ohun tó ń fà yọ̀ọ̀. Àwọn kan ń fi bẹntiróòlù là á kó lè ṣàn. Ẹ má dán an wò láé: bẹntiróòlù díẹ̀ nínú dísẹ́ẹ̀lì ti tó láti sọ táńkì di bọ́ǹbù, kò sì ní yọ̀ nínú pọ́ǹpù.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ yí òróró padà kí ó tó di epo ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ dúdú ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Eérú kòkó, omi eérú, àdín, iná: ọṣẹ jáde. Ohun tí à ń ṣe níbí jọ ọ́ bí ìbejì, àfi pé mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé) gbọ́dọ̀ dúró ní ipò omi. Níbikíbi tí omi bá ti yọ́ wọlé, ọṣẹ ló máa jáde, kì í ṣe epo. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín títí a ó fi parí, torí pé bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ́ńjìnnì wo ló lè jẹ ẹ́?

Àwọn ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀lúbọ́ àti gàrí, irú Lister àti àwọn tó ń wá láti Ṣáínà. Jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣàṣejù. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní common rail, tí nọ́sù rẹ̀ ń fi agbára tó ju 1,000 báà lọ fọ́n epo, ẹ má fi epo tí ẹ sè lẹ́yìnkùlé kàn án. Nọ́sù kan péré nínú rẹ̀ wọ́n gan-an.

Òróró: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀

Àlòkù òróró wà nílẹ̀ ní Ìbàdàn: lọ́dọ̀ àwọn alákàrà, àwọn oní-dùndún, àwọn tó ń dín ẹja, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìyá alákàrà kì í da òróró nù lọ́wọ́ òfo; ó máa ń lò ó títí tí yóò fi dúdú. Òróró tó dúdú ti kan, ásíìdì ti pọ̀ nínú rẹ̀, ásíìdì yẹn sì ń di ọṣẹ. Ti hòtẹ́ẹ̀lì ló máa ń dára jù. Ti ẹlẹ́ja ni ká sá fún: omi àti iyọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Òróró lápálápá náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ májèlé ni. Kẹ́ẹ̀gì tó bá wọ̀ kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná. Òróró láráà ki ju bó ti yẹ lọ, epo rẹ̀ náà sì máa ń ki jù.

Ẹ fi aṣọ tó fún dáadáa sẹ́ òróró náà, kí ẹ fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kan sí méjì kí ìdọ̀tí rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì rọra da ti òkè sínú ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ yan omi kúrò nínú rẹ̀: ẹ gbé e kaná dé 100 sí 110°C, kí ẹ máa rò ó, títí tí ìhó rẹ̀ yóò fi dákẹ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ: ẹ mú ṣíbí kan nínú rẹ̀ sínú páànù kékeré tó gbóná. Bó bá ń ta pàrà-pàrà bíi ìgbà tí ata tútù já sínú epo gbígbóná, omi ṣì wà. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí kò yọ ìhó, ó ti ṣetán.

Wíwọn ásíìdì. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, òun náà ló sì máa ń fi ọṣẹ gbẹ̀san. Ẹ nílò kọ́sítíìkì sódà tó mọ́ (NaOH), sírínjì oní-1 mílílítà àti ti 10, isopropyl alcohol, àti phenolphthalein (oògùn tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí ásíìdì bá tán). Ẹ lè fi àtalẹ̀ pupa tí ẹ pò mọ́ isopropyl rọ́pò phenolphthalein. Yóò kúrò ní yẹ́lò, á di pupa bí bíríkì.

Ẹ wọn gíráàmù 1 kọ́sítíìkì sínú lítà 1 omi dísítílì, irú èyí tí wọ́n fi ń kún bátìrì (kì í ṣe ásíìdì bátìrì o). Ẹ da mílílítà 10 isopropyl sínú gíláàsì kékeré, ẹ kán phenolphthalein ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sí i, kí ẹ wá máa kán omi kọ́sítíìkì náà sí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́ máa rẹ̀ dòdò. Nísinsìnyí ẹ fi sírínjì da mílílítà 1 òróró sí i. Àwọ̀ náà yóò lọ. Ẹ tún máa kán omi kọ́sítíìkì, kí ẹ máa gbọn ọ́n, kí ẹ sì máa ka iye mílílítà tó ń wọlé, títí àwọ̀ náà yóò fi padà, tí yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15 ó kéré tán. Iye mílílítà tí ẹ lò ni nọ́ńbà yín. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú ìpíndọ́gba.

Bí nọ́ńbà yín bá jẹ́ 2, ẹ fi 3.5 kún un: 5.5. Gíráàmù 5.5 ni kọ́sítíìkì tí lítà òróró kan máa gbà. Fún 20 lítà, gíráàmù 110. Òróró tí a kò tíì fi dín nǹkan kì í gbà ju 3.5 lọ. Bí nọ́ńbà bá ju 5 lọ, ẹ fi òróró tó dára là á, tàbí kí ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín. Bó bá jẹ́ KOH (kọ́sítíìkì pọ́táṣì) ni ẹ ní, ẹ sọ àpapọ̀ náà di ìlọ́po 1.4, bí a bá kọ 90% sára páálí rẹ̀, ẹ tún pín in sí 0.9.

Káún kò lè rọ́pò kọ́sítíìkì, bẹ́ẹ̀ ni eérú kòkó tí a kò tíì yọ nǹkan inú rẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Bákan náà, kọ́sítíìkì tó bá ti pẹ́ ní gbangba ti mu omi láti inú atẹ́gùn. Bó bá ti dì pọ̀ tí kò sì tú mọ́, ẹ fi ṣe ọṣẹ. Ẹ wọn ọ́n kíákíá, kí ẹ dé ike rẹ̀ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù: ẹ bọ̀wọ̀ fún un

Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ gba ẹ̀mí, ó sì gba ojú àwọn kan kó tó pa wọ́n. Mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ bí omi, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọtí. Ẹ kọ MÁJÈLÉ sára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ sì tì í mọ́bi tí ọmọdé kò lè dé. Kì í ṣe mímu nìkan ló ń pa: ó ń gba awọ ara wọlé, oru rẹ̀ náà sì léwu. Bó bá ń jó ní ọ̀sán, ẹ ò ní rí ọ̀wọ́ iná rẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa lò ó, kí sítóòfù, sìgá àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ jìnnà síbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ wọ awò tó bo ojú, kí báké omi sì wà nítòsí: kọ́sítíìkì tó bá ta síni lára, omi púpọ̀ ni ká kọ́kọ́ fi ṣan án.

Ògógóró tàbí ẹtánọ́ọ̀lù ńkọ́? Omi tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù. A ti sọ ohun tí omi ń ṣe.

Síse rẹ̀

Fún 20 lítà òróró, ẹ nílò lítà 4 mẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹ da mẹ́tánọ́ọ̀lù sínú ike tó nípọn, irú èyí tó ní nọ́ńbà 2 nísàlẹ̀, kí ẹ tó wá rọra da gíráàmù 110 kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Ike náà yóò gbóná lọ́wọ́ yín, kò burú. Ẹ dé e, ẹ gbọn ọ́n, ẹ tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kí oru jáde, ẹ tún gbọn ọ́n, títí tí kò fi ní sí hóró kankan nísàlẹ̀. Ó lè gbà tó wákàtí kan.

Dúrọ́ọ̀mù irin tàbí irin tí kì í dípata ni ẹ máa lò fún síse. Ẹ má lo àwọn ìkòkò irin funfun tí à ń gbé kaná ní ilé ìdáná: kọ́sítíìkì máa ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù, gáàsì háídírójìn tó ń jáde níbẹ̀ sì ń gbiná. Síǹkì náà kò gbà á. Kí dúrọ́ọ̀mù náà ní táàpù nísàlẹ̀ àti ìdérí tó ní ihò fún igi ìrò.

Ẹ gbé òróró tó ti gbẹ náà kaná dé 55°C, kò gbọdọ̀ ju 60 lọ, torí pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ń hó ní bíi 65. Ẹ GBÉ E KÚRÒ LÓRÍ INÁ, kí ẹ pa iná náà kú, kí ẹ tó da mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ẹ ti pò mọ́ kọ́sítíìkì sí i. Ẹ da ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, kí ẹ fi igi gígùn rò ó láìdúró fún wákàtí kan. Kò sí dírìlì oníná níbí: iná tíntìntín tó ń ṣẹ́ nínú rẹ̀ ti tó láti mú oru mẹ́tánọ́ọ̀lù jó. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wé dúrọ́ọ̀mù kó má tètè tutù. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ fa ohun dúdú tó rọ̀ sísàlẹ̀ jáde, kí ẹ tún mú epo náà gbóná díẹ̀ nínú omi gbígbóná, kí ẹ wá da ìdá kan tó kù sí i, kí ẹ tún rò ó fún wákàtí kan. Àwọn kan máa ń da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àlòkù òróró tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà fún un.

Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ máa rí ohun méjì: lókè, epo tó mọ́ bí oyin tí a là, nísàlẹ̀, gílísẹ́ríìnì tó dúdú, tó ki, lítà 2 sí 4. Nígbà tí òróró bá ti jẹ́ ti ọ̀pẹ, tó sì jẹ́ NaOH ni ẹ lò, gílísẹ́ríìnì yẹn lè dì bí ọ̀rá, kó sì dí táàpù. Ẹ da omi gbígbóná sí ara dúrọ́ọ̀mù níta, á yọ́. Ẹni tí èyí bá ń dà láàmú ní gbogbo ìgbà, KOH ni kó lọ rà. Tirẹ̀ kì í dì.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dì di ọṣẹ pátápátá, tí kò pín sí méjì, omi wà nínú òróró tàbí nọ́ńbà ásíìdì yín kò tọ́. Kò sí àtúnṣe tó dára fún un.

Ṣé ó ti yí padà tán?

Ẹ fi sírínjì mú mílílítà 3 epo náà, kí ẹ da á sínú mílílítà 27 mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú ìgò kékeré tó mọ́ kedere. Ẹ gbọn ọ́n, kí ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Báyódísẹ́ẹ̀lì máa ń yọ́ sínú mẹ́tánọ́ọ̀lù, òróró kì í yọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ kedere, ẹ tẹ̀síwájú. Bí ẹ̀kán òróró bá jókòó sísàlẹ̀ ìgò bí ojú ẹja, iṣẹ́ ò tíì tán: ẹ tún un sè, kí ẹ lo mẹ́tánọ́ọ̀lù tó jẹ́ ìdá 5 nínú 100 epo náà àti ìwọ̀nba kọ́sítíìkì tuntun.

Fífọ̀ àti gbígbẹ

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa gílísẹ́ríìnì kúrò, ọṣẹ, mẹ́tánọ́ọ̀lù àti kọ́sítíìkì díẹ̀ ṣì fara pamọ́ sínú epo. Àwọn ni wọ́n ń ba nọ́sù jẹ́. Omi tí a ti ń sá fún láti àárọ̀ la máa fi yọ wọ́n báyìí, ìkánjú kò sì sí níbí: ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lítà 7 omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún epo 18 sí 20 lítà. Fún ìfọ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi ohun tó ń fọ́n omi bí ìrì wọ́n ọn sórí epo, ẹ má rò ó, ẹ má gbọn ọ́n. Omi á gba àárín epo kọjá, á jáde nísàlẹ̀ funfun bí omi ògì. Ẹ fà á jáde lẹ́yìn wákàtí kan. Ní ìfọ̀ kejì àti ìkẹta ẹ lè rò ó jẹ́jẹ́. Nígbà tí omi tó ń jáde bá ti mọ́ bó ṣe wọlé, ó ti tó, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹni tó bá gbọn ọ́n ní ìfọ̀ àkọ́kọ́ yóò rí ohun tó nípọn bí ẹ̀kọ gbígbóná, tí epo àti omi kò sì fẹ́ túká mọ́. Ẹ fi omi gbígbóná tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì; ìgbà púpọ̀ ló máa ń pín. Bí omi ìfọ̀ náà bá wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ọṣẹ pọ̀ nínú epo yín, ẹ padà lọ wo òróró àti wíwọn ásíìdì.

Omi ìfọ̀ àti gílísẹ́ríìnì kò gbọdọ̀ bọ́ sí gọ́tà tó ń lọ sínú odò Ògùnpa. Mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú gílísẹ́ríìnì yẹn. Títí tí yóò fi gbẹ kúrò nínú rẹ̀ níta gbangba, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì tíì fi ṣe ọṣẹ.

Gbígbẹ ni ó kù. Ẹ mú epo náà gbóná dé 55 sí 60°C nínú ohun ẹlẹ́nu fífẹ̀, kí ẹ máa rò ó, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sínú bẹ́sìnnì gbígbòòrò lójú oòrùn, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ó. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ ń bá yín ṣe é. Ní àárín ọdún, nígbà òjò, iná nìkan ló lè gbẹ ẹ. Epo tó kún fún omi máa ń ṣókùnkùn. Ẹ da á sínú ìgò gíláàsì, kí ẹ gbé ìwé ìròyìn sí ẹ̀yìn ìgò: bí ẹ bá lè ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kedere, epo ti gbẹ. Ẹ wá fi fítà oní-máíkírọ́ọ̀nù 5, lẹ́yìn náà oní-1, sẹ́ ẹ.

Pípò ó mọ́ dísẹ́ẹ̀lì

Ẹ wo dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ná. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú: bí ìlà omi bá wà nísàlẹ̀, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá ní háídírómítà (ohun tí a fi ń wọn bí epo ṣe wúwo tó sí omi), dísẹ́ẹ̀lì tó dára máa ń wà ní 0.82 sí 0.86, bó bá sún mọ́ 0.80, wọ́n ti fi kẹrosíìnì là á.

Fún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan:
B5: lítà 1.25 báyódísẹ́ẹ̀lì, 23.75 dísẹ́ẹ̀lì.
B10: 2.5 àti 22.5.
B20: 5 àti 20.

Ẹ da dísẹ́ẹ̀lì síwájú, kí báyódísẹ́ẹ̀lì wá lẹ́yìn, torí òun ló wúwo jù. Yóò wọ́ sísàlẹ̀ gba àárín dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n á pò fúnra wọn. Ẹ yí kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ fi ìgò tó ní ìlà wọn ọ́n, kì í ṣe agolo àti ojú. Ẹ bu díẹ̀ pamọ́ sínú ìgò fún ọjọ́ kan. Bí ó bá pín tàbí tó ṣókùnkùn, ẹ má da kẹ́ẹ̀gì yẹn sí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti B5 fún táńkì méjì, B10 fún méjì mìíràn, kí ẹ tó dé B20. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì là ń ṣàánú, táńkì ni. Báyódísẹ́ẹ̀lì ń fọ nǹkan bí ọṣẹ: gbogbo èérí tí dísẹ́ẹ̀lì ọdún mẹ́wàá ti lẹ̀ mọ́ inú táńkì, òun ló máa tú u sílẹ̀, fítà ni yóò sì kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ ra fítà epo méjì sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń falẹ̀, tí kò lè gbé ẹrù tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹ tú fítà: ẹ máa rí i tó dúdú, tó sì ń yọ̀, bí ẹni pé wọ́n rì í sínú ọ̀dà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kejì, kì í sábà wáyé mọ́. Ẹ máa wo họ́ọ̀sì rọ́bà náà; èyí tó bá wú tàbí tó rọ̀ bí mọ́ínmọ́ín, ẹ fi Viton (irú rọ́bà tí epo kì í bà jẹ́) rọ́pò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, tiwa náà. Ẹ gbé ẹrù kan náà lé jẹnẹrétọ̀, àwọn gílóòbù àti fíríìjì kan náà, kí ó sún mọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀. Ẹ kún táńkì dé ojú àmì kan, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ẹ fi ìgò tó ní ìlà kún un padà, kí ẹ sì kọ iye tó wọlé. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì nìkan, kí ẹ tó ṣe é pẹ̀lú B20. Fún èéfín, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sí ẹnu igi kan, kí ẹ nà án sí iwájú sàlẹ́ńsà, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Dísẹ́ẹ̀lì lásán lórí aṣọ kan, B20 lórí òmíràn. Ẹ tẹ́ wọn síbi kan náà, ojú yín á sọ fún yín.

Ìpamọ́

Kí kẹ́ẹ̀gì kún dé ẹnu kí atẹ́gùn má ráyè níbẹ̀, kí ó wà ní ibòòji, kí kọ́pà àti bíráàsì má kàn án. Oṣù mẹ́ta ni a máa ń fún B100, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ. Báyódísẹ́ẹ̀lì ọ̀pẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn ní nǹkan bí 13 sí 16°C, ìyẹn òtútù ìdájí ọyẹ́ gan-an. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé B100 inú kẹ́ẹ̀gì ti di bí ọ̀rá, kò bàjẹ́. Ẹ gbé e sí oòrùn títí yóò fi yọ́ tán, kí ẹ yí i dáadáa kí ẹ tó bù nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí ohun dúdú tó ń yọ̀ bí ewédú nísàlẹ̀, omi ló wọlé, kòkòrò sì ti ń dàgbà níbẹ̀: ẹ da ti ìsàlẹ̀ nù, ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbẹ ẹ.

Jẹnẹrétọ̀ tí a kì í tan àfi bí iná NEPA bá lọ fún ọjọ́ púpọ̀ kò yẹ kí B20 pẹ́ nínú táńkì rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní tàn án fún oṣù kan, ẹ jẹ́ kí ó jó B20 tó wà níbẹ̀ tán, kí ẹ da dísẹ́ẹ̀lì lásán sí i, kí ẹ tàn án fún ìdajì wákàtí kí dísẹ́ẹ̀lì náà lè dé inú pọ́ǹpù àti nọ́sù, kí ẹ tó pa á.